Òtútù Inú Ìgò

Igbe tó jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe igbe ẹni tí oògùn ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Wọ́n ń retí igbe kejì, kò wá. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló tẹ̀lé e, ìyẹn gan-an ló sì bà wọ́n lẹ́rù jù.

Nínú yàrá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ti dákú sórí ibùsùn. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló gún un ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ wú, ó kún fún ọyún. Iṣẹ́ tí kò tó iṣẹ́ ni dókítà pè é. Ó fọ́n òtútù inú ìgò sí i. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe oògùn náà nìyẹn: omi kan nínú ìgò ẹlẹ́nu tín-ín-rín, tí èèyàn bá tẹ orí rẹ̀, a tú jáde fùú. Ibi tó bá bà á tutù wọnú eegun, ibẹ̀ a kú tipiri, wọ́n lè fi abẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀, onítọ̀hún kò ní mọ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọmọ náà mú. Dókítà fi abẹ kàn án. Ọmọ náà ta bí ẹja tí wọ́n jù sórí iyanrìn gbígbóná, abẹ yọ̀, ó wọlé, ó sì gé iṣan tó ń ká àtàǹpàkò.

Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ẹni ẹlẹ́ni. Àbúrò ìyá ọmọ náà ni. Ọmọ náà ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì tí ìyá rẹ̀ fi kú, Nọ́ọ̀sì ló gbé e pọ̀n kúrò nílé òkú, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Dókítà gbé ìgò náà sí imú. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà, bí ẹni tó ń bẹ imú rẹ̀ pé kó purọ́ fún òun.

"Sípírítì," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Sípírítì ìfọgbẹ́ lásán ni mo fọ́n sí ọmọ yìí."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ pé bí ẹnu rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kì í bá a lọ síbẹ̀. Àwọn olè ló sọ ọ́ ní Ẹ̀gún Ọsàn. Wọ́n ní tó bá gún ọ, o lè má rí ibi tó wọlé, àmọ́ o ò ní sùn.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn?"

"Èmi ni, mà," Nọ́ọ̀sì dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi nìkan."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò pè wọlé. Kóòtù funfun, bàtà dídán, gèlè... rárá, irun tí a fi òróró tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí gèlè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣe òtútù inú ìgò, òun ló ń tà á fún gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Òun náà ló sọ fún àwọn tó ni ilé ìwòsàn pé kí wọ́n má wulẹ̀ ra abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara kú mọ́, pé ayé ti kọjá ibẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ó ní, "ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe oògùn yẹn. Sípírítì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, n kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń yí i padà. Bó bá fi máa kúrò lọ́wọ́ mi, kì í ṣe sípírítì mọ́. Ẹni tó bá wá rí sípírítì nínú ìgò mi, ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú ni kó bi."

"Kí lo ń sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Nígbà tí mo kó ọjà wá láàárọ̀, mo rí i tó ń ki ìgò bọ báàgì. Ẹ sáà yẹ báàgì rẹ̀ wò."

Wọ́n yẹ báàgì Nọ́ọ̀sì wò. Ìgò òtútù kan wà níbẹ̀, òfìfo, tó fi ìborùn wé bí ọmọ tuntun.

"Kí lo fẹ́ fi ìgò òfìfo ṣe?" Ẹ̀gún Ọsàn béèrè.

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ tó wà lórí ibùsùn. "Òun ni mo fẹ́ mú un fún. Ó máa ń fi wọ́n omi sáṣọ kó tó lọ̀ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n omi sáṣọ! Ó ta oògùn gidi síta, ó rọ sípírítì sínú ìgò, ó gé ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aṣọ lílọ̀ ló wá ń sọ!"

Ṣẹkẹṣẹkẹ dún lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì kí ọmọ náà tó lajú. Ìyẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀. "Tó bá jí," ó ń sọ fún dókítà bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, "ẹ sọ fún un pé mo lọ bu omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ibòmíràn."

Dókítà ti fi abẹ sílẹ̀, kò sì tún gbé e fún ìgbà díẹ̀.

*

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú báńdéèjì, ọwọ́ òsì gbé abọ́. Ẹ̀gún Ọsàn dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó ba ọwọ́ rẹ jẹ́ lo ń bọ́?"

"Ẹni tó ba ọwọ́ mi jẹ́ ò sí níbí, mà."

"Ẹnu rẹ mú o."

"Ẹnu nìkan ló kù tó mú, mà. Abẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì yọ ìgò òtútù kan jáde látinú àpò. Omi ló wà nínú rẹ̀, ìdí ìgò náà ti sán, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. "Ẹ wò ó. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti ń jò. Èmi ni mo ní kí Àǹtí bá mi mú òmíràn bọ̀." Ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé orí ìgò náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára. Àtàǹpàkò jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. Kò ká. Ó rọra pààrọ̀ ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́, omi sì tú fùú sórí apá aṣọ Ẹ̀gún Ọsàn.

"Ẹ máà bínú, mà. Apá aṣọ yín rún ni."

Ẹ̀gún Ọsàn kọjú sí ògiri. Obìnrin náà kì í sunkún. Ohun tó ń ṣe níbi ògiri yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń ka kàlẹ́ńdà. Nígbà tó kọjú padà, ó ti mọ̀ pé òun ti ti ẹni tí kò jẹ̀bi mọ́lé. Àmọ́ ìmọ̀ inú kì í ṣe ẹ̀rí. Adájọ́ kì í jẹ ẹ̀fọ́ tí a kò rí lójú.

Ó ya bo ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kó ọjà sí. Ó mú ìgò kan tí èdìdì ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbé e lọ bá Tíṣà. Obìnrin yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé ìwé gíga tó wà lórí òkè, ẹlẹ́nu ṣàǹpọ̀nná, ẹni tí ọ̀gá ilé ìwé pàápàá ń yà fún lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ lé wọn wá pẹ̀lú ọ̀gá àgọ́. Tíṣà mú okùn wáyà bàbà, ó ti orí rẹ̀ bọ omi inú ìgò, ó fi í sínú iná. Bí kílórínì, èròjà tó wà nínú òtútù inú ìgò gidi, bá wà nínú ohun tí a yẹ̀ wò, iná á di àwọ̀ ewé. Tó bá jẹ́ sípírítì lásán, kò ní dà bẹ́ẹ̀.

Iná náà di àwọ̀ ewé, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àárọ̀.

"Ẹ rí i?" Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìyá Ẹ̀gún, ẹ fa ara yín yọ."

Ọ̀gá àgọ́ kò pàtẹ́wọ́, ó na ìka. "Ọjọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì á dé iwájú adájọ́. Bí o bá tún da ọkùnrin yìí láàmú, aṣọ iṣẹ́ rẹ lo máa ká fún mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Wọ́n lọ. Ẹ̀gún Ọsàn jókòó sórí àga ọmọ ilé ìwé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Dìde níbẹ̀," Tíṣà ní. "Iná yẹn sọ pé kílórínì wà níbẹ̀. Ǹjẹ́ ó sọ iye tó wà níbẹ̀? Èèyàn á ju ègé ẹran kan sínú odindi ìkòkò omi, òórùn ẹran á jáde. Ṣé ọbẹ̀ ẹran wá ni?"

"Nítorí Ọlọ́run, Tíṣà, èdè wo lẹ̀ ń sọ?"

"Mò ń sọ pé o ò lè mọ ayédèrú tí o ò bá tíì rí ojúlówó. Wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó gbé ìgò oníkùn róboto kalẹ̀, ó da sípírítì sí i. "Ọtí ni sípírítì. Gbogbo ọtí ló ní ara, gbogbo rẹ̀ ló sì ní orí. Ní orí yẹn, ọ́síjìn àti háídírójìn ló jókòó síbẹ̀, bíi tọkọtaya lórí àga kan ṣoṣo. Àwọn ló sọ ọ́ di ọtí. Bí mo bá da ásíìdì oníkílórínì lé e báyìí, tó lágbára dáadáa, tí mo fi iyọ̀ síńkì ràn án lọ́wọ́, tí mo sì dáná sí i nídìí, tọkọtaya yẹn á kó ẹrù wọn. Wọ́n á bá omi lọ. Kílórínì á jókòó sórí àga wọn. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ọtí mọ́. Orúkọ yí, ìwà yí."

"Ṣé ó le?"

"Kò le. Sùúrù ló fẹ́. Àti èyí." Ó fa báàfù kékeré kan jáde lábẹ́ tábìlì. Yìnyín ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Ó ti ìgò kékeré tó máa gba oògùn bọ àárín rẹ̀. "Ọtí pọ̀: kúkúrú wà, gígùn wà. Àwọn gígùn ni wọ́n fi máa ń kọ́ wa nílé ìwé, torí òróró tí wọ́n ń yí sí kì í dá wàhálà sílẹ̀. O lè gbé e sórí tábìlì, kí o lọ jẹun, kí o padà wá bá a. Ti sípírítì yìí ò mọ ìjókòó. Afẹ́fẹ́ lásán ti gbóná jù fún un. Tí kò bá sí yìnyín, bó ṣe ń dé ló ń lọ."

Iná jó. Ohun tí kò ṣeé rí gba inú ọ̀pá gíláàsì kọjá, ó dé inú yìnyín, ó sì di omi mímọ́ gaara. Tíṣà kán ẹ̀kán kan sí àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀gún Ọsàn. Ó hó, lórí ọwọ́ lásán, láìsí iná. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti lọ, ojú ibẹ̀ sì funfun. Ẹ̀gún Ọsàn fi èékánná ha á. Kò mọ nǹkan kan lára.

Ó ronú kan ọmọ télọ̀ náà. Ohun tó yẹ kó mọ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: òfo.

*

Ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ẹ̀gún Ọsàn kan ilẹ̀kùn, ó tẹrí ba.

"Mo wá tọrọ àforíjì ni, sà. Mo ní kí n fojú ara mi rí iṣẹ́ yín, kí n lè pa ọ̀rọ̀ náà dé."

Ẹni tó bá fẹ́ mú àkùkọ, kó yìn ín fún ìró ohùn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àyà síwájú, ó mú un káàkiri. Ìgò oníkùn róboto nìyí, iná nìyí, ọ̀pá gíláàsì rèé tó tàn yanran. Gbogbo rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ dára ní wíwò. Ní ìparí ọ̀pá náà, ìgò fífẹ̀ kan jókòó sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń ràn sínú rẹ̀ látojú fèrèsé. Ó kún.

"Oògùn tó ti parí nìyẹn, sà?"

"Ojúlówó."

"Ẹ kì í gbé e sínú yìnyín?"

"Yìnyín kẹ̀? Ṣé ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà ni? Láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe, orí tábìlì ló máa ń wà."

Ẹ̀gún Ọsàn ti ìka bọ inú ìgò náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ arúgbó. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ó tún rí ojú tí kò bá ẹnu lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ ta tábìlì. Sípírítì dà sórí iná, iná gbé e wùùù, ó sì dábùú àárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí Ẹ̀gún Ọsàn fi máa fa àpò tútù kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà bo iná mọ́lẹ̀, tó ń wúkọ́, tí irun iwájú orí rẹ̀ ti jó, ọkùnrin náà ti gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti fo ọgbà. Ó gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Lẹ́yìn ògiri náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń da àfọ́kù ìgò sí. Orí rẹ̀ ló bọ́ sí. Ẹ̀gún Ọsàn kò bá a níbẹ̀ mọ́. Bàtà dídán kan ló bá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là sí méjì, ẹ̀jẹ̀ sì kán tẹ̀ léra wọn títí dé ojú títì. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ parí sí.

"Ibo ló gbà?" ó bi ẹni tó ń lẹ táyà.

"Alùpùpù ló gbé e. Onítọ̀hún ò tilẹ̀ béèrè ibi tó ń lọ. Ta ló ń bi ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ní ibi tó ń lọ?"

Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà nítòsí.

*

Orí ibùsùn tí ọmọ télọ̀ náà dákú sí ni wọ́n tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là yànnà bí ẹnu ẹja. Dókítà ti fi aṣọ dí i, ó dúró tì í.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ rán an," dókítà ní.

"Ẹ rán an, sà! Ẹ pa ara ibẹ̀, kí ẹ rán an!"

"Kí n fi kí ni pa á? Ìwọ lo ní kí wọ́n má ra abẹ́rẹ́ mọ́."

Ẹ̀gún Ọsàn wọlé, èérú lójú, ó yọ ìgò kan tó mú bọ̀ láti ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e lé dókítà lọ́wọ́. "Èyí wà. Èdìdì rẹ̀ rèé lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò fọwọ́ kàn án rí. Ojúlówó ni. Àbí?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti kún ojú fèrèsé.

"Ó... ó ti pẹ́ nílẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní.

"Ọ̀sẹ̀ yìí lo ṣe é. Ìwọ lo kọ ọ́ sára rẹ̀. Dókítà, ẹ fọ́n ọn sí i."

Dókítà ká aṣọ kúrò lójú ọgbẹ́. Ó gbé ìgò sún mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ kan orí rẹ̀.

"Ẹ má fọ́n ọn!" Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ibùsùn. "Nítorí ìyá yín, ẹ má fi ìyẹn sí i! Sípírítì ni! Sípírítì ni gbogbo rẹ̀!"

"Iná àwọ̀ ewé yẹn ńkọ́?"

"Mo ra ojúlówó kan. Ẹ̀kán díẹ̀ ni mò ń kán sí ìkọ̀ọ̀kan, torí àyẹ̀wò."

"Èyí tí wọ́n fọ́n sí ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Kò mọ nǹkan kan. Kò mọ nǹkan kan rárá." Ó ti ń sunkún. "Mo gbìyànjú, Ọ̀gá. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo kọ́kọ́ ṣe é dáadáa: sípírítì, ásíìdì, iyọ̀ síńkì, gbogbo rẹ̀ pátá. Tí mo bá padà wá wò ó, mo máa ń bá ìgò lófìfo. Mo tún ṣe é, òfìfo. Mo ní ó ti kọ̀, pé kò lè yí. Ni mo bá..."

Ohun tó wà lójú Ẹ̀gún Ọsàn kì í ṣe ìbínú mọ́, ìbá sì sàn fún ọkùnrin náà kó jẹ́ ìbínú.

"Kò kọ̀," ó ní. "Ó yí. O ti rí i ṣe, ó sì fò lọ mọ́ ọ lójú. Yìnyín ló kù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bojú.

"Tíṣà wà lórí òkè yẹn lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan péré. Kí ló dé tí o ò bi í?"

"Ojú ń tì mí," ó ní jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Àwọn kan lójú fèrèsé ń pariwo pé kí wọ́n rán an bẹ́ẹ̀, láìpa ara rẹ̀, kí òun náà mọ bó ṣe rí. Ẹ̀gún Ọsàn kan ṣẹkẹṣẹkẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí oògùn tòótọ́ wà. Ìyà kì í san gbèsè ìyà. Nínú yàrá yẹn, igbe kan ti tó.

*

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gún Ọsàn fúnra rẹ̀ ló ṣí i, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde, pé ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí o bá gé e lápá, á bi ọ́ bóyá ọ̀bẹ ò bà ọ́ lọ́wọ́ jẹ́.

Gbogbo ilé ìwòsàn ojú ọ̀nà náà kó ìgò Ọ̀jọ̀gbọ́n dà nù. Àwọn tí wọ́n ti fi abẹ gé láìjẹ́ pé ara wọn kú mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ojo ni wọ́n. Ìrora wọn jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ló mí kanlẹ̀. Dókítà lọ sórí òkè, ó bá Tíṣà jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà gbé abẹ. Àmọ́ iṣan ò mọ̀ pé wọ́n ti mú olè. Èyí tó gé ti gé.

Ọ̀sán kan, Ẹ̀gún Ọsàn yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó gbé ìgò òfìfo tí wọ́n gbà nínú báàgì Nọ́ọ̀sì lé orí tábìlì. Ọ̀ràn ti parí, ẹrù ẹlẹ́rù ti padà di ti ẹlẹ́rù.

"Ẹ ṣé, mà," ọmọ náà ní. "Èyí ò jò."

Ó pọn omi sí i. Búláòsì kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ lọ̀, áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ó gbàgbé, ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé orí ìgò. Àtàǹpàkò jókòó síbẹ̀, kò ká. Ó tún gbìyànjú. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro.

Nọ́ọ̀sì ń gán bọ́tìnì nítòsí. Ó dìde, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró nígbà tó ń kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé tọmọ náà lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Omi tú fùú, ó rọra balẹ̀ sórí aṣọ. Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì gbé áyọ́ọ̀nù.